Orúkọ Wọ Watchlist, Béèlì Já: Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ Kóòtù Lọ L'Ékòó

Thursday kan báyìí, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bọ̀dá kan tó ń ta bàtà ní Balógun wọ ọ́fíìsì wa ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìrìnàjò lọ́wọ́, táàgì ọkọ̀ òfurufú ṣì so mọ́ ọn. Ó ti gba boarding pass láàárọ̀ yẹn, ó ti dé iwájú ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ẹni yẹn tẹ orúkọ ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ó wo ojú ẹ̀, ó tún padà wo kọ̀ǹpútà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Ẹ̀gbẹ́ kan yẹn ló jókòó sí títí ọkọ̀ fi gbéra. Bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, pé ó fowó ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń ti àwọn agbésùnmọ̀mí lẹ́yìn, kóòtù ti dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀ tipẹ́, ìyá ẹ̀ tiẹ̀ se ìrẹsì fún gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ náà.

Èmi kọ́ ni lọ́yà o. Akọ̀wé lọ́yà ni mí, èmi ni mò ń gbé ìwé lọ gbé ìwé bọ̀ láàárín ọ́fíìsì àti kóòtù, mo sì ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí débi pé inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ pé èèyàn ń kó owó fún "agent" kan ní airport pé kó bá òun yọ orúkọ kúrò. Kò sí agent tó lè yọ ọ́. Lẹ́tà ló gbé orúkọ yẹn wọ kọ̀ǹpútà, lẹ́tà míì tàbí àṣẹ adájọ́ ló máa gbé e jáde, ìwé ò sì ní ẹsẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e débẹ̀. Adájọ́ lè dá yín sílẹ̀ ní Ìkòyí kí kọ̀ǹpútà Ìkẹjà má gbọ́ títí láé. Ibi tí mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ lísìtì tí orúkọ yín wà

Ohun tí gbogbo wa ń pè ní watchlist yìí pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ti Immigration wà, òun ló ń dá èèyàn dúró ní bọ́dà àti ní airport, ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa jẹ́ pé iléeṣẹ́ míì ló kọ̀wé sí wọn, bóyá DSS (àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba), bóyá ọlọ́pàá, bóyá EFCC, tàbí kó jẹ́ kóòtù ló pàṣẹ. Torí náà tí ẹ bá ń bá Immigration nìkan fà á, ẹni tó fa orúkọ yín kalẹ̀ gan-an lè má mọ̀ pé ẹ ń ṣe nǹkan kan.

Èyí tó le jù ni lísìtì ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nigeria Sanctions Committee, tí mínísítà ètò ìdájọ́ jẹ́ alága ẹ̀. Òfin tó ń gbógun ti ìgbésùnmọ̀mí, èyí tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, ló fún wọn lágbára. Tí orúkọ bá ti wọbẹ̀, báńkì máa ti àkáǹtì pa lójú ẹsẹ̀, ìrìnàjò dúró, ẹni tó bá sì ń fún yín lówó ti ń fa wàhálà sọ́rùn ara ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 wọ́n fi èèyàn 9 àti iléeṣẹ́ 6 síbẹ̀, àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó wà nínú wọn. Lísìtì yẹn ò pamọ́, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè wò ó lórí fóònù yín lónìí.

Àkáǹtì náà lè dí lọ́tọ̀ láìjẹ́ pé orúkọ wà lórí lísìtì kankan. Ẹ rántí lẹ́yìn EndSARS, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, CBN lọ gba àṣẹ ní Federal High Court l'Ábújá láti ti àkáǹtì àwọn ọ̀dọ́ kan pa, wọ́n ní ó jọ mọ́ owó ìgbésùnmọ̀mí. Ó di oṣù Kejì ọdún 2021 kí kóòtù tó ní kí wọ́n ṣí i. Ẹ fojú inú wo bí oúnjẹ ilé ṣe máa rí láàárín ìgbà yẹn.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ ló jọra. Mohammed Bello mélòó, Sulaiman Adébáyọ̀ mélòó ló wà l'Ékòó nìkan? Tó bá jẹ́ pé orúkọ ló jọra, ọ̀nà yín kúrú díẹ̀: NIN, ìwé ọjọ́ ìbí, àti àwọn pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ tí òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀, ẹ so gbogbo ẹ̀ mọ́ lẹ́tà, torí ọjọ́ ìbí àti NIN ló máa yà yín sọ́tọ̀ sí ẹni tí wọ́n ń wá.

Ní airport gan-an

Ẹ má pariwo, ẹ má fowó bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé iléeṣẹ́ wo ló ní kí wọ́n dá yín dúró. Àwọn kan á sọ, àwọn kan ò ní sọ. Tí wọ́n bá gba pásípọ́ọ̀tù, ẹ bèèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á, tí wọn ò bá fún yín, ẹ kọ ọjọ́, aago, káńtà tó jẹ́, àti orúkọ tó wà láyà aṣọ ẹni tó gbà á. Bọ̀dá oníbàtà yẹn yí boarding pass ẹ̀ sẹ́yìn, ó fi bírò kọ "9:40, wọ́n ní kí n dúró" sí i, ìwé pélébé yẹn la padà fi mọ́ àfídáfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra tí à ń kó wọ kóòtù, òun ló sì wúlò jù nínú gbogbo ohun tó kó wá. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ náà pé "wọ́n dá mi dúró o", ẹ má pa á rẹ́.

Lẹ́tà ṣáájú ẹjọ́

Ẹ kọ lẹ́tà sí Immigration àti sí iléeṣẹ́ tí ẹ fura sí, ẹ bèèrè lábẹ́ òfin Freedom of Information ti ọdún 2011 bóyá orúkọ yín wà lórí lísìtì wọn, ta ló fi síbẹ̀, lọ́jọ́ wo, torí kí ni. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti fèsì. Wọ́n lè sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni, àwọn kò ní sọ, òfin yẹn fún wọn láyè díẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sì ní ọjọ́ 30 láti gbé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn lọ kóòtù. Tó bá jẹ́ lísìtì Sanctions Committee ni, ìgbìmọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ lẹ máa kọ̀wé sí pé kí wọ́n yọ yín, kí ẹ sì kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ibi tí owó ti wá, ẹni tí ẹ fún, ohun tí ẹ fi rà.

Nǹkan kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé: ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èkejì kí ẹ gbé e padà wálé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ ìgbàwọlé, níwájú adájọ́, ẹ ò kọ ọ́ ni.

Ọ̀nà méjì tó wọ kóòtù

Kóòtù tí ẹ ń lọ ni Federal High Court ní Oyinkan Abayomi Drive, Ìkòyí, kò jìnnà sí Ọbáléndé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí májísíréètì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, fundamental rights ni àwọn lọ́yà ń pè é. Abala 41 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn káàkiri, kí wọ́n má sì dí i lọ́nà àtijáde tàbí àtiwọlé. Abala 46 ló ní kí ẹ gbé e wá sí kóòtù tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ yẹn lójú. Ìlànà tí wọ́n ń lò ni ti ọdún 2009, ó dáa gan-an ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ: kò sí pé àsìkò ti lọ lórí ẹ̀, ọdún márùn-ún lè ti kọjá kí ẹ tó wá. Ìwé mẹ́ta lẹ máa kó wọlé. Àkọ́kọ́ ni statement tó sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ fẹ́ kí kóòtù ṣe, àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Èkejì ni àfídáfíìtì tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni written address, àlàyé òfin tí lọ́yà máa kọ. Tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá wà ní àtìmọ́lé, ìyàwó ẹ̀ tàbí àbúrò ẹ̀ tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lè búra àfídáfíìtì yẹn fún un. Ìlànà ní kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ 7, ọjọ́ 5 sì ni àwọn tí ẹ pè ní láti fèsì lẹ́yìn tí ìwé bá dé ọwọ́ wọn, àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, registry, ọ́fíìsì tó ń gba ìwé ẹjọ́ ní kóòtù, kún fún ẹjọ́.

Ọ̀nà kejì ni judicial review, pé kí adájọ́ yẹ ìpinnu tí iléeṣẹ́ ìjọba ṣe wò, kó sì wọ́gi lé e. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ o: ẹ ní láti kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù, ẹ sì gbọ́dọ̀ tọrọ àyè yẹn kí oṣù 3 tó pé lẹ́yìn ìpinnu náà. Àwọn kan á máa dúró de èsì lẹ́tà títí oṣù mẹ́ta á fi kọjá, wọ́n á wá máa sunkún. Tí ọjọ́ 7 bá ti pé, ẹ gbéra.

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹnì kan ò lè bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣẹjọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ Olisa Agbakoba, lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, fún un. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1992, ó ń lọ sí ìpàdé kan ní The Hague, àwọn SSS (àwọn kan náà tí a ń pè ní DSS) gba pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ níbí gan-an, ní Murtala Muhammed. High Court ò dá a láre. Kòtẹ́milọ́rùn dá a láre ní ọdún 1994, Supreme Court sì fọwọ́ sí i ní 1999 pé gbígbà tí wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù yẹn ò bófin mu. Ọdún méje gbáko lórí ìwé ìrìnnà ẹyọ kan, torí ẹ̀ lónìí tí lọ́yà yín bá dúró síwájú adájọ́, ó ní ibi tó máa tẹ̀ sí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Abala 41 yẹn kan náà fàyè gba òfin tó lè dá ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ọ̀ràn dúró kó má sá kúrò nílùú. Tí ẹjọ́ yín bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ má lọ pe ẹjọ́ tuntun, ẹ padà sọ́dọ̀ adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ yẹn, ẹ tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó máa rọrùn fún ni ẹni tí wọn ò fẹ̀sùn kàn rí, tàbí tí wọ́n ti dá sílẹ̀, tàbí tí kò sí àṣẹ kóòtù kankan tó fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀.

Nínú ohun tí ẹ fẹ́ kí kóòtù ṣe, ẹ má kàn kọ ọ́ pé "kí wọ́n yọ orúkọ mi". Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ láàárín iye ọjọ́ kan, kí wọ́n sì kọ̀wé sí gbogbo bọ́dà àti airport pé wọ́n ti yọ ọ́, kí wọ́n dá pásípọ́ọ̀tù padà. Ohun tí ẹ ò bá tọrọ, adájọ́ ò ní fún yín.

Tí adájọ́ bá dá yín láre, ìgbà yẹn niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ san owó CTC ní registry, ìyẹn ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lù lóǹtẹ̀, ẹ gba bíi mẹ́fà, kí bélíìfù gbé e lọ fún gbogbo àwọn tí ẹ pè lẹ́jọ́, kí ẹ̀yin náà fi lẹ́tà gbé e lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ohun tí bọ̀dá oníbàtà ò ṣe nìyẹn lẹ́yìn ẹjọ́ àkọ́kọ́, àwa náà ò rán an létí, mo ṣì ń ronú ẹ̀. Nígbà tó máa padà rìnrìn àjò, wọ́n ṣì tún dá a dúró, ó yọ ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ jáde nínú fáìlì, ọ̀gá kan kà á, ó pe fóònù, ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀ ó ti ń wọ ọkọ̀. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi kí ẹ tó gbé ẹ̀dà yẹn lọ bèèrè.

Tí wọ́n bá ti mú èèyàn sí àtìmọ́lé

Òfin ilẹ̀ wa ní kí wọ́n gbé èèyàn dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, gbogbo Èkó ló sì fẹ́ẹ̀ẹ́ bọ́ sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìgbésùnmọ̀mí ti 2022 jẹ́ kí wọ́n lè gba àṣẹ kóòtù láti tì í mọ́lé tó ọjọ́ 60, wọ́n sì lè tún un gbà. Torí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹbí máa béèrè ni pé: àṣẹ kóòtù dà, nọ́ńbà ẹ̀ ńkọ́, adájọ́ wo ló fọwọ́ sí i? Tí kò bá sí, ọ̀nà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn yẹn ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Béèlì àti onídùúró

Ìyá kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó gbé ìwé ilé ọkọ ẹ̀ tó ti kú kalẹ̀ láti dúró fún ọmọ àbúrò ẹ̀. Adájọ́ sọ ọ́ ketekete pé ọmọ yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìgba àyè. Wọ́n ń kó ọmọ jáde ní Cotonou, ọmọkùnrin yìí wọ mọ́tò ní Mile 2, ó ní Cotonou ò jìnnà, ọjọ́ méjì péré. Ẹnì kan fi fọ́tò ayẹyẹ sórí Facebook. Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, lọ́yà ìjọba na fọ́tò yẹn sí adájọ́. Wọ́n fagi lé béèlì lójú ẹsẹ̀, ọmọ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí fún oṣù márùn-ún, wọ́n sì fún ìyá àgbàlagbà yẹn níwèé pé kó wá sọ ìdí tí ilé ẹ̀ ò fi ní lọ.

Ẹ má rò pé ìhàlẹ̀ lásán ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, sẹ́nétọ̀ ni Ali Ndume, wọ́n ṣì gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje torí Abdulrasheed Maina tó dúró fún nínú béèlì 500 mílíọ̀nù náírà ti sá lọ. Niger Republic ni wọ́n ti padà rí Maina mú. Nnamdi Kanu náà, tí wọ́n fún ní béèlì ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, àwọn onídùúró mẹ́ta, 100 mílíọ̀nù náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, adájọ́ ní kó má wà láàárín èrò tó ju 10 lọ, kó má bá oníròyìn sọ̀rọ̀, kò pa á mọ́, oṣù Kẹta ọdún 2019 wọ́n fagi lé e, owó àwọn onídùúró sì di ẹjọ́.

Torí náà kí ẹ tó buwọ́ lù bọ́ńdì, ìyẹn ìwé àdéhùn béèlì, ẹ ka gbogbo àdéhùn yẹn, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó ní láti lọ fi ara hàn fún agbófinró sára kàlẹ́ńdà ilé. Ẹ mọ ilé tó ń gbé gan-an, kì í ṣe àdúgbò nìkan. Obìnrin náà lè dúró o, òfin ACJA ti ọdún 2015, tó ń darí bí ẹjọ́ ọ̀daràn ṣe ń lọ, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ obìnrin gẹ́gẹ́ bí onídùúró torí pé ó jẹ́ obìnrin. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù pé àwọn máa bá yín dúró lówó pọ́ọ́kú, ẹ sá fún wọn, ìwé ayédèrú wọn lè sọ béèlì di ẹ̀sùn tuntun.

Tó bá pọndandan kí ẹni tó wà lórí béèlì rìnrìn àjò, kí lọ́yà ẹ̀ fi mọ́ṣàn tọrọ pásípọ́ọ̀tù kí ọjọ́ tó kù sí dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ọsibítù tàbí ìwé ìpè, ọjọ́ tó ń lọ, ọjọ́ tó ń bọ̀. Adájọ́ ń fún èèyàn láyè ju bí ẹ ṣe rò lọ, ohun tí wọn ò lè gbà ni kí ẹ fún ara yín láyè. Àìsàn náà bẹ́ẹ̀: ìwé dókítà gbọ́dọ̀ dé kóòtù ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ wáránti, ẹjọ́ méjì lẹ ń rò.

Tí ẹ bá ti rí i pé ẹni tí ẹ dúró fún ń yí padà, kò gbé fóònù mọ́, ó ti kó kúrò nílé, ẹ má dúró dìgbà tó bá sá. Onídùúró lè lọ sí kóòtù pé òun fẹ́ yọ ara òun, kóòtù á ní kí wọ́n mú olùjẹ́jọ́ wá, wọ́n á tú yín sílẹ̀, kó wá onídùúró míì. Tí olùjẹ́jọ́ bá ti já béèlì, kó padà wá fúnra ẹ̀ kíákíá, kí lọ́yà fi àfídáfíìtì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi irọ́ kún un, kó tọrọ pé kí wọ́n yí wáránti padà. Ìwé show cause, èyí tó ní kí onídùúró wá sọ ìdí tí ohun tó fi dúró ò fi ní lọ, tí wọ́n bá fún yín, ìgbà yẹn ni àyè yín láti sọ̀rọ̀, ẹ má sá fún un: ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe láti wá a jáde wá, fóònù tí ẹ pè, ibi tí ẹ lọ, ìwé tí ẹ kọ sí ọlọ́pàá. Ìyá Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó mú rìsíìtì mọ́tò tó wọ̀ lọ sí Cotonou láti lọ fà á bọ̀ wá, adájọ́ wo rìsíìtì yẹn pẹ́, kò gba ilé.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà, Legal Aid Council wà fún ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, Office of the Public Defender wà fún ti ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ kó ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ dání kí ẹ tó lọ.

Tí ẹjọ́ bá parí, bọ́ńdì parí, ìwé ilé ò ní wá bá yín nílé. Onídùúró ló máa kọ̀wé sí registry pé kí wọ́n dá ìwé òun padà, kó so CTC ìdájọ́ mọ́ ọn. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n dá ọmọ àbúrò ẹ̀ sílẹ̀ ni ìyá yẹn tó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ lọ bèèrè. Èmi ni mo sìn ín lọ. Ó tú ìwé náà sórí tábìlì registry, ó ń fi ìka kan an lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ewé mọ́kànlá, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fi nọ́lọ́ọ̀nù dúdú méjì wé e kó tó ki í sábẹ́ ìborùn.